Koríko Etí Kánààlì

Inú kánààlì ni Báńjí ti kọ́kọ́ rí Balqees. Omi mù ún dé orúnkún, ẹrẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan, ó ń fi báàfù bu erùpẹ̀ inú omi padà sórí oko ẹ̀fọ́ bàbá rẹ̀. Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà ló gbé bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ méjì lọ. Báńjí kọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, kì í ṣe ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé gbogbo kánààlì lẹ fẹ́ gbọ́n tán ni?"

"Tẹ́ ẹ bá lọ́wọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnu nìkan, ẹ lọ bá wọn pèrò ní Apple Junction."

Ó bọ́ bàtà, ó sọ̀kalẹ̀.

Láàárín oṣù méjì, kò sí Sátidé tí wọn kì í jọ wà lóko. Báńjí ń pè é ní Olóko mi, òun náà ń pe Báńjí ní Ọ̀mọ̀wé Ẹlẹ́rẹ̀. Ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń dín kù, Alhaji Ògúnjìmí, bàbá Balqees, sì ti ní bí omi bá tún gbé bẹ́ẹ̀dì kan lọ, òun á ta oko náà fún àwọn tó ń kọ́lé. Iṣẹ́ oko yìí sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Balqees fẹ́ràn.

Alhaji fúnra rẹ̀ ló sì ń ba oko náà jẹ́, láìmọ̀. Lójú tirẹ̀, oko tí koríko bá wà níbẹ̀, oko ọ̀lẹ ni. Àràárọ̀ ló ń ro etí kánààlì, tí á tún fi ìgbálẹ̀ gbá a mọ́ bí àgbàlá mọ́ṣáláṣí. Kò sí gbòǹgbò kankan tó di ilẹ̀ mú níbẹ̀ mọ́.

Báńjí ní kí àwọn gbin koríko ọba tó wà nílé bàbá òun sí etí omi, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di ilẹ̀ mú.

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ fún bàbá mi," Balqees wí.

"Wọ́n ti lọ sí Abẹ́òkúta. Kí wọ́n tó dé, á ti mú."

Báńjí gbìn ín. Nígbà tí Alhaji dé, ó rí koríko náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun ló tó fi ìdí koríko kan sílẹ̀ láì fà á tu.

"Ọ̀lẹ tó gbin igbó sóko mi ò ní fẹ́ ọmọ mi."

Balqees náà bínú. Ó sọ fún Báńjí lórí fóònù pé, "Mo ní ká sọ fún wọn. Bàbá mi nìyẹn, wọn kì í ṣe ọmọ kíláàsì ẹ." Kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òjò rọ̀ títí. Nígbà tó dá, Báńjí lọ sí ilé wọn ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Kò yẹ kí n fọwọ́ kan oko yín láì sọ fún yín."

Kò dárúkọ koríko rárá. Alhaji wò ó, ó ní kó dìde, ó sì mú Báńjí àti Balqees lọ sóko. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ti lọ. Ibi ìdí koríko tí Alhaji fi sílẹ̀ nítorí ìrun nìkan ni etí rẹ̀ ṣì dúró.

Ojú ti bàbá náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan koríko tó kù, ó sì yíjú sí Báńjí.

"Ṣé koríko yìí ṣì kù nílé yín?"

"Ó pọ̀, sà."

"Lọ kó o wá. Mi ò ta oko mọ́. Sọ fún bàbá ẹ pé mo fẹ́ rí wọn."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ o, Bàbá," Balqees rán an létí.

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé ilẹ̀ mi lọ ni?"

Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó ń lọ. Báńjí yíjú sí Balqees.

"Ṣé o ṣì ń bínú?"

"Díẹ̀."

"Ṣé wàá fẹ́ mi pẹ̀lú díẹ̀ yẹn?"

Balqees nu ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Báńjí wọ̀ wá tọrọ àforíjì.

"Màá fẹ́ ẹ. Lọ kó koríko wá, òjò tún ń ṣú."