Asẹ́ Tó Nípọn Jù

"Ìbílọlá, ṣé inú àpótí lo fẹ́ kí n máa gbé ni?"

Ìyá Àgbà ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di férémù ilẹ̀kùn mú bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ti òun wọlé.

"Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé ká ti ilẹ̀kùn. Eruku ń wọlé."

Eruku ń wọlé lóòótọ́. Ọyẹ́ ọdún 1958 kò ṣàánú ẹnikẹ́ni ní Ìkejà. Wọ́n ń la títì tuntun gba inú oko kọjá, wọ́n ń kọ́ ilé-iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì, erùpẹ̀ pupa kò sì rí ibi sinmi. Aṣọ funfun tí wọ́n bá sá lówùúrọ̀, bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú osùn ni wọ́n ń ká a lọ́sàn-án. Bí ẹ bá tún wá rántí pé ilé ìlagi kan wà lẹ́yìn ilé wọn, ẹ óò mọ ìdí tí ọkàn Ìbílọlá kò fi balẹ̀. Ikọ́ fée ń bá Ìyá Àgbà jà. Bí eruku bá ti kan imú rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa súfèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ á sì máa wá ẹni tó máa gba òun sílẹ̀.

Nítorí ikọ́ yìí ni Dàwódù, bàbá Ìbílọlá, tó ń ta obì ní Agége, ṣe ra ẹ̀rọ amúlétutù fún ìyá rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń mú yàrá tutù nígbà ooru, ó sì ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀ ọyẹ́. Sànní, ọmọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣètò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílé àwọn òyìnbó, ló wá gbé e sójú fèrèsé. Lọ́jọ́ náà ló yọ asẹ́ tín-ín-rín kan jáde níwájú ẹ̀rọ, ó sì fi han Ìbílọlá.

"Imú ẹ̀rọ nìyí," ni Sànní wí. "Òun ló ń gba eruku dúró kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Bó bá gbó, ẹ ránṣẹ́ sí mi. A óò wọn àyè rẹ̀, a óò sì wo bí agbára ẹ̀rọ ṣe tó, ká tó mú òmíràn. Kì í ṣe gbogbo asẹ́ ni ẹ̀rọ yìí lè fa afẹ́fẹ́ gbà."

Ìbílọlá gbọ́. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun ló sì ń gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí asẹ́ náà ti gbó, bàbá rẹ̀ bèèrè níwájú àlejò bóyá kí wọ́n pe Sànní. Orí Ìbílọlá wú.

"Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

"Ẹ ò rí ọmọ!" ni Dàwódù wí fún àlejò rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi hàn tán.

Ọ̀rẹ́ Ìbílọlá kan ń jẹ́ Sùlíyá. Ẹ̀gbọ́n Sùlíyá ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan, níbi tí wọ́n ti ń fi aṣọ onírun tó ki sẹ́ eruku lára ẹ̀rọ gìrìwò. Sùlíyá mú àjẹkù aṣọ náà wá sílé ìwé.

"Fọwọ́ kàn án wò! Ó nípọn bíi tìmùtìmù. Tiyín yẹn, tí mo bá na ọwọ́ mi sẹ́yìn rẹ̀, mo lè ka ìka mi! Ṣé asẹ́ nìyẹn?"

"Ṣé ẹ̀rọ wa máa lè gbà á?"

"Ìwọ tí o ń gba ipò kìíní lò ń bi mí? Èyí tó bá nípọn jù ló ń gba eruku jù. Àbí o fẹ́ kí ikọ́ pa Ìyá Àgbà ni?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú un. Ó gé aṣọ onírun náà, ó fi ipá tẹ̀ ẹ́ wọ ibi tí asẹ́ wà, ó sì tan ẹ̀rọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí iṣẹ́ ìyanu. Ìbílọlá fi aṣọ funfun nu ojú tábìlì Ìyá Àgbà, aṣọ náà kò pọ́n. Bàbá rẹ̀ gbóríyìn fún un, ó ní òun kò ná owó ilé ìwé rẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ohùn ẹ̀rọ náà fi yí padà. Ó ń kùn bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ìbílọlá na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò lè mi ewé.

Ó mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wà: ó mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò gbà á láti sọ. Báwo ni yóò ṣe lọ bá bàbá tó ti ń fi í yangàn, kó sọ fún un pé òun ṣì í ṣe? Dípò kó yọ ọ́, ó wá àkísà dí gbogbo ihò ojú fèrèsé, kí eruku má baà rí ọ̀nà mìíràn gbà. Nígbà tí Ìyá Sàídátù, ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà, bá wá láti Àgídìngbì kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ bí ìṣe wọn, Ìbílọlá á pàdé rẹ̀ níta.

"Ìyá Àgbà ń sùn, mà."

"Wọ́n tún ń sùn? Ó dáa. Bá mi kí wọn."

Ìyá Àgbà kò sùn. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, Ìbílọlá yí ẹ̀rọ náà sí ìlọ́wọ́ọ́rọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ fọ aṣọ. Ìyá Sàídátù dé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rí ẹni tó máa dá a padà. Bó ti ń sún mọ́ yàrá, ó gbọ́ tí nǹkan ń súfèé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, èéfín sì pàdé rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ìbílọlá! Dàwódù!"

Ìbílọlá sáré wọlé. Ẹ̀rọ ń rùn bí ohun tó jóná, Ìyá Àgbà sì la ẹnu láìrí èémí mí, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Wọ́n gbé e bọ́ sí ìta, Dàwódù pa ẹ̀rọ, ó sì fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú mọ́tò, Ìbílọlá di ọwọ́ ìyá náà mú. Gbogbo èémí tí ìyá ń fà, òun náà ń bá a fà á, bí ẹni pé òun lè ya díẹ̀ fún un nínú tòun.

Ọlọ́run yọ wọ́n. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé, Dàwódù ránṣẹ́ pe Sànní. Kò jẹ́ kó jókòó.

"Ẹ̀rọ tí o gbé wá fẹ́ pa ìyá mi! Màá sọ fún gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́ ní Ìkejà. O kò ní gbé ẹ̀rọ wọlé ẹnikẹ́ni mọ́."

Sànní dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

"Kí lo fẹ́ wò?"

Ìbílọlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bó bá dákẹ́, ó lè bọ́. Ó wo Sànní tó dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe Bọ̀dá Sànní. Èmi ni mo fi aṣọ onírun dí ẹ̀rọ náà. Mo sì ti rí i tipẹ́ pé kò mí dáadáa mọ́. Ojú ló tì mí."

Dàwódù wá ìjókòó.

"Pé o kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn kò dùn mí," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gbogbo wa la ń ṣèṣì. Pé o mọ̀, o sì dákẹ́, ìyá mi sì wà nínú yàrá yẹn! Òun ló dùn mí." Ó yíjú sí Sànní. "Dìde. Mo ṣì ọ́ bá wí. Fi orí jì mí."

Nígbà tí Sànní tún ẹ̀rọ náà ṣe tán, ó kó oríṣi asẹ́ wá, ó sì ní Ìbílọlá ni kó mú èyí tó yẹ. Ìbílọlá kò yára mọ́. Ó wọn àyè náà, ó fi asẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i, ó ń na ọwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ. Ọ̀kan fẹ́lẹ́ jù, eruku ń gbà á kọjá. Òmíràn ki jù, afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde. Ó mú èyí tó wà láàárín, tó sì ṣe régí pẹ̀lú àyè rẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé èyí náà ni? Díẹ̀ nínú eruku ṣì máa wọlé."

"Yóò wọlé. Nítorí náà ni ẹ óò ṣe máa yọ ọ́ gbọ̀n lóòrèkóòrè, tí ẹ óò sì máa fi omi nulẹ̀. Asẹ́ kan ò lè ṣe gbogbo iṣẹ́."

Ìbílọlá wá ṣe ohun tí kò tíì ṣe rí látọjọ́ tí ẹ̀rọ ti délé. Ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni yàrá.

"Ìyá Àgbà, ṣé èyí tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ìyá Àgbà fa èémí, ó sì mí in jáde. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi, eruku nìkan kọ́ ló ń fún mi láyà. Ìwọ lo lé ọ̀rẹ́ mi. Lọ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá."

Ìbílọlá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Àgídìngbì. Ó jẹ́wọ́ irọ́ tó pa lórí ìkúnlẹ̀, Ìyá Sàídátù sì bá a wí dáadáa kó tó wọ bàtà rẹ̀.

"Dìde, ká máa lọ. Ó ti pẹ́ tí a ti sọ̀rọ̀."

Ikọ́ Ìyá Àgbà kò lọ pátápátá; àwọn ọjọ́ kan wà tí ọyẹ́ ṣì ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ó ń mí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Sùlíyá bèèrè bí aṣọ onírun náà ṣe ṣiṣẹ́ sí, Ìbílọlá kò fi ohunkóhun pa mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìfẹ́ dára, ìmọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn ẹnìkan gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n, kó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, kó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí òun ń tọ́jú pàápàá, kó sì tètè la ẹnu nígbà tó bá rí i pé òun ti ṣì í ṣe. Ìtìjú tí a bá fara dà lónìí lè dá ẹ̀mí ẹni tí a fẹ́ràn sí lọ́la.