Ihò Àtàǹpàkò

Ẹsẹ̀ ni obìnrin náà kọ́kọ́ rí. Bàtà ọkọ rẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, èkejì ti bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ pé, "Bàbá wọn, ẹ tún gbàgbé gíláàsì ojú yín sílé," kí ó tó rí i pé ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ ti ṣubú, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Gíláàsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Igbe tó ké mú kí àwọn tó ń ṣeré níta sọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nínú gbọ̀ngàn eré bóòlìn ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn máa ń yí bọ́ọ̀lù wúwo lórí pákó dídán, kí ó lè wó àwọn igi funfun tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ihò mẹ́ta ló wà lára bọ́ọ̀lù náà, méjì fún ìka, ọ̀kan fún àtàǹpàkò. Iṣẹ́ ọkùnrin tí wọ́n fọ́ lórí yìí ni kí ó wọn ọwọ́ oníbàárà, kí ó sì lu ihò tó bá ọwọ́ náà mu. Ó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé, "Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín, ìka ò dọ́gba." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìka-Ò-Dọ́gba nìyẹn.

Nígbà tí ìsípẹ́kítọ̀ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yóò fi dé, wọ́n ti gbé ọkùnrin náà lọ sí ọsibítù, ìyàwó rẹ̀ sì ti tẹ̀lé e. Kì-í-gbàgbé ni àwọn ọlọ́pàá máa ń pe ìsípẹ́kítọ̀ yìí lẹ́yìn, òun náà sì mọ̀.

"Ọ̀gá, a ti mú ẹni tó ṣe é," ni kọ́ńsítébù wí. "Bíríkìlà kan ni. Ó wá jà níbí lọ́sàn-án. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni wọ́n fi fọ́ Bàbá lórí, ẹlẹ́rìí tó fojú rí i sì nìyí."

"Ẹ ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Kí lẹ wá pè mí fún?"

Kọ́ńsítébù rẹ́rìn-ín. Ìsípẹ́kítọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù yí bọ́ọ̀lù náà padà. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ihò ìka méjèèjì ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun dúdú kan ti dí ihò àtàǹpàkò. Ìlà wẹ́wẹ́ wà lójú ohun náà, bí ìgbà tí èèyàn tẹ ọwọ́ mọ́ amọ̀. Ó fi ìka kan etí rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó nù ún, kò nù. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò kúrò.

Ẹlẹ́rìí náà dúró lẹ́yìn káńtà, báńdéèjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Àbúrò ìyàwó Ìka-Ò-Dọ́gba ni, ọmọ ìyá kan náà. Òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, àwọn oníbàárà ló sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́, Ẹnu-Abẹ.

"Kí lo rí?" ni ìsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ jẹun, sà. Láti ojú gíláàsì fèrèsé yìí ni mo ti rí i. Bíríkìlà yẹn ti ìka bọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ ṣeré, ó bá sọ ọ́ lé Bàbá lórí. Kí n tó pariwo, ó ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, mo sì sá tẹ̀lé e."

"Ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

"Omi gbígbóná ló dà sí i."

"Pẹ̀lẹ́ o."

Ìsípẹ́kítọ̀ gbójú sókè. Pátákó kan wà lókè káńtà tí wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ pé: ỌJÀ TÍ A BÁ TI TÀ, A KÌ Í GBÀ Á PADÀ.

"Ta ló kọ eléyìí?"

"Èmi ni, sà. Àwọn oníbàárà kan ò mọ̀wọ̀n ara wọn. Bẹ́ ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á gorí káńtà."

Ìsípẹ́kítọ̀ tún pátákó náà kà. Nígbà tí òun náà ṣì jẹ́ kọ́ńsítébù, ẹnìkan tó ń ta bàtà gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Fi sílẹ̀, èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ." Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ọjà ló ń gbà kí ó má bàa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún. Oníbàtà náà á ti gbàgbé. Òun kò gbàgbé.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìyá arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú àhámọ́. Ó dìde nígbà tí ó rí ìsípẹ́kítọ̀.

"Ọ̀gá, wọ́n ní lọ́sàn-án ọ̀la ni wọ́n máa gbé e lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní bí Bàbá yẹn bá kú, ọmọ mi ò ní jáde mọ́. Òun nìkan ni mo bí."

"Ẹ jókòó, Mọ̀ọ́mì. Irú èèyàn wo ni?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín, ó gbóná bí iná. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ̀ ẹ́ nìkan ló máa ń bá jà. Ẹ̀gbọ́n mi kan gba pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kò dá a padà. Títí di òní, ọmọ mi ò kí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n!"

Ìsípẹ́kítọ̀ fẹ́ràn bíríkìlà náà kí ó tó rí i.

Ọkùnrin gíga ni, sìmẹ́ńtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ wú, ó sì ti bó.

"Bọ́ọ̀lù yẹn ló ṣe mí báyìí," ni ó wí. "Ihò rẹ̀ há jù. Mo gbé e padà lọ. Bàbá ò sí níbẹ̀, Ẹnu-Abẹ ni mo bá. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní kò sóhun tó ṣe ihò, ọwọ́ mi ló burú. Ó ní ọwọ́ tó ń po sìmẹ́ńtì kì í ṣe ọwọ́ eré. Ó wá nawọ́ sí pátákó rẹ̀, ó ní ṣé mi ò mọ̀wé kà ni. Gbogbo ará ibẹ̀ ló rẹ́rìn-ín."

"Ìwọ wá ṣe kí ni?"

"Mo sọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un. Mo ní kó lọ fi se ọbẹ̀. Mo ní òun àti ṣọ́ọ̀bù náà máa rí mi."

"O lérí nìyẹn."

"Mo lérí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ sígbà yẹn, Bàbá fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ó bẹ̀ mí. Àgbàlagbà, ó ń bẹ̀ mí! Ó ní kí n wá gba bọ́ọ̀lù mi lọ́la, pé á ti dáa. Inú mi rọ̀. Ilé ni mo wà, mo ń fi omi iyọ̀ fọ àtàǹpàkò mi, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé."

"Ta ló rí ẹ nílé?"

"Ìyá mi."

"Adájọ́ máa ní ìyá ẹni ò lè ṣe kó má gbèjà ọmọ rẹ̀."

Bíríkìlà gbé orí sí ara ògiri. "Ọ̀gá, ta ni mo bá jà? Ẹnu-Abẹ. Bí mo bá fẹ́ fọ́ orí, orí ta ni mi ò bá fọ́?"

Ìbéèrè yẹn ni ìsípẹ́kítọ̀ gbé dé ọsibítù. Wọ́n ti rán orí Ìka-Ò-Dọ́gba, ṣùgbọ́n kò tíì lajú. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ wo ọwọ́ ìsípẹ́kítọ̀, ó sì mi orí.

"Ẹ ti lọ fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù Bàbá. Bẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ títí di ọ̀la, kò ní kúrò."

"O mọ̀ ọ́n?"

"Oníbàárà Bàbá ni mí. Nígbà tí mo lóyún, ọwọ́ mi wú, ìka mi ò wọ bọ́ọ̀lù mi mọ́. Ẹni tó wà ní káńtà ní kí n lọ bí ọmọ mi ná. Bàbá ló sáré tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má bínú. Ó da gọ́ọ̀mù dí ihò tó há, ó ní ó dọ̀la kó tó le. Bó bá ti le bí òkúta, á wá lu ihò mìíràn síbẹ̀. Ọwọ́ mi méjèèjì ló wọ̀n, ó ń bá mi ṣàwàdà pé ọwọ́ mi ló lóyún. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mo tún lè lọ."

Ìsípẹ́kítọ̀ wo ìka rẹ̀ tó dúdú. Ó wá yíjú sí ìyàwó.

"Màmá, kí ni Bàbá bá yín sọ gbẹ̀yìn?"

Obìnrin náà kò gbójú sókè. "Ọ̀rọ̀ ilé ni."

"Ìyá kan wà lórí bẹ́ǹṣì ní àgọ́ wa, ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Bí ọ̀rọ̀ yín bá kù nílé, ọmọ tirẹ̀ ò ní padà wá sílé."

Obìnrin náà tẹ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà. "Ó pè mí lórí fóònù. Inú ń bí i. Ó ní àbúrò mi tún bú oníbàárà, pé bí ẹni náà bá dé lọ́la, àbúrò mi gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lójú gbogbo èèyàn, tàbí kó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti sọ fún un." Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ ìyá mi ni, Ìsípẹ́kítọ̀. Èmi ni mo bá a wá iṣẹ́ náà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìsípẹ́kítọ̀ kó gbogbo wọn jọ sínú ṣọ́ọ̀bù. Bíríkìlà wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ìyá rẹ̀ sì dúró níta. Ìyàwó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Ẹnu-Abẹ dúró sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Bọ́ọ̀lù wà lórí káńtà, aṣọ bò ó, àwọn kọ́ńsítébù sì ti dí ẹnu ọ̀nà méjèèjì.

"Tún ohun tó o rí sọ fún wa," ni ìsípẹ́kítọ̀ wí.

"Mo ti sọ ọ́ lánàá, sà. Ó ti ìka bọ bọ́ọ̀lù, ó fi ọwọ́ kan gbé e sókè."

"Àtàǹpàkò ńkọ́?"

"Àtàǹpàkò náà, sà. Ta ló lè fi ọwọ́ kan gbé bọ́ọ̀lù yìí láìlo àtàǹpàkò? Kódà ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ojú tó bá ríran kì í purọ́, sà."

Ìsípẹ́kítọ̀ ṣí aṣọ. "Wá ti àtàǹpàkò tìẹ bọ̀ ọ́ kí n rí i."

Ẹnu-Abẹ tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ òsì. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú. Ó wo ihò tó dí, ó tún un wò bí ẹni tí kò rí i rí.

"Bàbá... Bàbá á ti..."

"Bàbá á ti kí ni? Bàbá ti dí i kí wọ́n tó fọ́ ọ lórí. O ò mọ̀, nítorí o ò wo bọ́ọ̀lù náà. Bí oníbàárà bá ti kúrò níwájú rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán lọ́dọ̀ rẹ. Bàbá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Bó ṣe pe bíríkìlà tán, ó da gọ́ọ̀mù sínú ihò yìí. Tú báńdéèjì yẹn."

"Omi gbígbóná ni, sà!"

"Tú u!"

Kò tú u. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dìde, tó di apá rẹ̀ mú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó máa ń bọ́ aṣọ fún un ní kékeré. Kò sí ibi tí omi gbígbóná jó. Ní àárín àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù dúdú ti le bí èèpá, abẹ sì ti ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀.

"Yé!" ni obìnrin náà wí. "O jẹ́ kí n sunkún lé ọ léjìká lánàá."

Ìsípẹ́kítọ̀ fa ọwọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù. "Ọwọ́ méjèèjì lo fi gbé e, bí ẹni gbé elégédé. Gọ́ọ̀mù ò tíì le. Ẹ wá wo ìlà tó wà lójú rẹ̀, kí ẹ wo ìlà ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ni Bàbá fi ń wọn ọwọ́ àwọn èèyàn. Tìrẹ ló wọ̀n gbẹ̀yìn."

Ẹnu-Abẹ fa ọwọ́ rẹ̀ gbà, ẹnu rẹ̀ kò tíì kú. "Ó ní kí n tọrọ àforíjì! Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì! Níwájú àwọn tó ń bẹ̀rù mi!"

"Wọn ò bẹ̀rù rẹ," ni ìsípẹ́kítọ̀ wí. "Wọ́n kórìíra rẹ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan kan ti ń rùn sí mi. Ẹni tí wọ́n bú máa ń mọ ẹni tó bú òun. Bíríkìlà bínú sí ọ, Bàbá sì ti bẹ̀ ẹ́. Kí ló wá fẹ́ tìtorí rẹ̀ fọ́ Bàbá lórí? Ìwọ nìkan ni inú ń bí sí Bàbá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí o wá ti àtàǹpàkò bọ ihò tí kò sí, mo mọ̀ pé o ò rí nǹkan kan, o kàn ń sọ bí o ṣe rò pé oníbọ́ọ̀lù máa ń gbé bọ́ọ̀lù ni."

Ó ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ bíríkìlà, ó fi de ọwọ́ Ẹnu-Abẹ. Fóònù ìsípẹ́kítọ̀ dún. Nọ́ọ̀sì ni. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí ìyàwó.

"Bàbá ti lajú. Gíláàsì ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n sọ fún bíríkìlà pé kó má bínú, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á pẹ́ díẹ̀."

Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó sì sáré jáde. Kò wo àbúrò rẹ̀.

Nígbà yẹn ni Ẹnu-Abẹ wá wó. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú bíríkìlà, nínú ṣọ́ọ̀bù, lójú àwọn tó ti péjọ síwájú gíláàsì tí wọ́n ń wòran. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ forí jì mí. Ohun tí mo sọ sí yín lánàá, mo kó o jẹ."

Bíríkìlà fi ọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí irin ti há. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ tó wú sókè, ó fi tọ́ka sí pátákó tó wà lókè káńtà.

"Ṣé o ò mọ̀wé kà ni?" ni ó wí, ó sì jáde lọ bá ìyá rẹ̀.