Èèkàn Ìwọn-Omi Tí Abọ́dúnrìn Fà Tu

Ní ọdún 1993, Dókítà Ọmọ́bọ́lá wá láti yunifásítì, ó ri àwọn èèkàn mọ́ etí àbàtà tó wà lẹ́yìn àdúgbò kan ní Ìbà. Ó kun ara wọn ní funfun àti pupa. Ó ṣàlàyé fún àwọn onílé pé òjò ti ń yíwà padà, pé òun fẹ́ mọ ibi tí omi ń kún dé lọ́dọọdún, kí òun lè sọ ibi tó yẹ kí wọ́n la gọ́tà sí àti ilé tó yẹ kí wọ́n gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ sókè.

Abọ́dúnrìn, káfíńtà tó jẹ́ alága wọn, kò gbà á gbọ́. Ó ti fojú rí ibi tí katakata ti wó ilé onílé. Ó ní bí ìjọba ṣe ń sàmì sí ilẹ̀ tó bá fẹ́ gbà nìyẹn. Bí obìnrin náà ṣe lọ tán, ó fa gbogbo èèkàn náà tu.

Nígbà tí Ọmọ́bọ́lá padà wá, ó rọra béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Abọ́dúnrìn dá a lóhùn lójú gbogbo èèyàn pé, “Dókítà, ta ló ń kàwé kó tó mọ̀ pé òjò ń rọ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kó àwọn èèkàn rẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì àbàtà, lọ́dọ̀ Àdìjá, ọmọ onílẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́. Àdìjá bi í ní ìbéèrè títí, ó sì gbà. Nígbà tó yá, Ọmọ́bọ́lá fi han Àdìjá àti àwọn ará ilé rẹ̀ pé omi ń sún mọ́ ilé sí i lọ́dọọdún. Wọ́n la gọ́tà, wọ́n sì gbé ẹnu ọ̀nà ilé wọn sókè.

Ní Òkúdù 1995, òjò kan bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, omi ti wọ ilé Abọ́dúnrìn. Ayálégbé rẹ̀, Fáòsíátù, télọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ń pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti rì. Abọ́dúnrìn gbé ọmọ náà lé èjìká, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, omi sì mù wọ́n dé àyà. Àwọn ará ilé Àdìjá ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sílé rẹ̀.

Ilẹ̀ ilé Àdìjá gbẹ. Ọmọ́bọ́lá, tó ti wá wo àwọn èèkàn rẹ̀, ló bọ́ súwẹ́tà ara rẹ̀ tó fi wé ọmọ náà. Abọ́dúnrìn kò lè wo ojú rẹ̀.

Fáòsíátù béèrè pé, “Bàbá, ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé omi lè dé ọ̀dọ̀ wa ni?”

Abọ́dúnrìn nawọ́ sí Ọmọ́bọ́lá, ó ní, “Ẹni tí ì bá sọ fún wa nìyí. Èmi ni mo lé e.”

Fáòsíátù yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Nígbà tí omi fà, Abọ́dúnrìn wí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níwájú gbogbo onílé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló wolẹ̀, torí wọ́n ti bá a rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Wọ́n ní kó lọ bẹ dókítà kó padà wá, ó sì lọ.

Ẹ̀yin ará wa, òjò tí àwọn bàbá wa mọ̀ kọ́ ló ń rọ̀ mọ́. Bí oníwàádìí bá wá wọn omi tàbí òjò ládùúgbò yín, ẹ béèrè ohun tó ń wá. Ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí fún un, kí ẹ sì ní kó padà wá sọ ohun tó bá rí. Ẹ má kọ́lé sójú ọ̀nà omi, ẹ má sì da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan, kó béèrè. Ìtìjú ìbéèrè kò tó ti ẹni tí omi bá lójijì.