Ilẹ̀kùn Ilé Ọlábímtán

Ilẹ̀kùn náà ti lọ. Ihò gbayawu ló kù lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlábímtán ní Kàbà, níbi tí igi tí wọ́n gbẹ́ ẹṣin àti ọdẹ sí lára ti dúró láti ayé bàbá-ńlá wọn.

Sájẹ́ǹtì Ìbítóyè, ọlọ́pàá, bá àwọn ará ilé náà níbi tí wọ́n ti yí Sùlèímánì ká, ayafọ́tò tí ìjọba rán wá ya àwọn ilé àtijọ́. Wọ́n ti já àpótí kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Okun o," ni Sájẹ́ǹtì fi kí wọn.

"Òun ló jí i," ni Oyèbánjí, àrẹ̀mọ ilé náà, sọ. "Láti Mọ́ńdè ló ti ń wò ó bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Bí ẹ ò bá mú un, a ó fọ́ àpótí yìí, a ó fọ́ orí rẹ̀ lé e."

Ìbítóyè kọjú sí Sámúẹ́lì, àbúrò Oyèbánjí. "Wọ́n ní ìwọ ló ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀kùn náà lọ́jọ́sí."

"Mo wá a. Ṣùgbọ́n Ẹ̀júkù ni mo wà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ bi awakọ̀ tó gbé mi dé láàárọ̀ yìí."

Awakọ̀ náà, tó ṣì wà níta, jẹ́rìí sí i.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn lálẹ́ àná?"

"Èmi ni," ni Oyèbánjí fèsì. "Nílé wa, àrẹ̀mọ nìkan ní í ti ilẹ̀kùn baba. Ó dúró gbọin bíi ti àtẹ̀yìnwá."

Ilẹ̀kùn àtijọ́ kò ní irin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yí nínú ihò òkúta, orí rẹ̀ a wà lábẹ́ àtẹ́rígbà tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́. Wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ náà kúrò. Ìbítóyè béèrè fọ́tò. Sùlèímánì yọ fọ́tò ilẹ̀kùn náà láti inú àpò aṣọ rẹ̀.

"Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, ọ̀gá, bí mo ṣe ń wọ̀lú. Òun ni mo kọ́kọ́ yà."

Nínú fọ́tò náà, ilẹ̀kùn ṣì wà, ṣùgbọ́n amọ̀ orí rẹ̀ ti di ihò. Èérún amọ̀ wà nílẹ̀, nínú àgbàlá tí wọ́n ń gbá láràárọ̀.

"Wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí àlejò yìí tó dé," ni Ìbítóyè wí. "Ilẹ̀kùn tí orí rẹ̀ ò níbi tó dì mú, ṣe ni yóò wó lu ẹni tó bá ń tì í. Oyèbánjí, láti Mọ́ńdè, alẹ́ mẹ́ta lo fi tì í. Báwo ló ṣe dúró gbọin?"

Oyèbánjí tutọ́ sílẹ̀.

"Mo fẹ́ yọ ọ́ kí wọ́n tó yà á. Ilẹ̀ mọ́ bá mi, mo fi igi há a títí di àná. Bí ìjọba bá wá bá ilẹ̀kùn náà níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ ká wó ilé amọ̀ yìí mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti kọ́lé páànù. Èmi nìkan ni wọ́n ń fi ṣẹ̀sín."

"Níbo lo gbé e sí?" ni Yéjídé ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ẹ jẹ iṣu láàárọ̀, àbí? Òun ni igi ìdáná yín."

Sùlèímánì gba àpótí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ìbítóyè di Oyèbánjí lọ́wọ́ mú, ó dorí kọ òde. Yéjídé dènà.

"Ẹ má mú un gba ẹnu ọ̀nà baba rẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ mú un gbà."