Àkùkọ Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Ayọ̀tọ̀míwá jí ní Ọjọ́rú. Tẹlifíṣọ̀n ti ń tàn.

Ó ti ilé ìwé dé. Tẹlifíṣọ̀n ṣì ń tàn! Kò sí ẹnì kankan ní pálọ̀.

“Ó ti sú mi o!” Ó pa á. Pá!

Màmá Àgbà ké láti ilé ìdáná. “Ta ló pa á? Tí iná bá lọ, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti dé?” Ó jáde wá tan án. Yòò!

Ayọ̀tọ̀míwá tún pa á. Pá!

Timothy, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tún tan án. Yòò! “Alápatà tẹlifíṣọ̀n! Ṣé o fẹ́ kí iná dé ká má mọ̀ ni?”

“Ó sú mi! Ó sú mi!”

Bàbá Àgbà fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ó yí ìkànnì padà.

Háà! Àkùkọ kan jókòó sórí akàròyìn!

Àkùkọ yẹn ni àmì ìkànnì tí Màmá Àgbà fẹ́ràn. Àtàárọ̀ dalẹ́ ló máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n ti yí ìkànnì báyìí, àkùkọ kò lọ.

“Ṣíì! Ṣíì!” Timothy ń lé e. Kò mira.

Ojú Bàbá Àgbà rẹ̀wẹ̀sì. “Ọjọ́ Àìkú yìí ni ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọn á gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí kò ní jẹ́ kí n lọ. Màmá Àgbà yín fẹ́ dá orin. Ṣé àkùkọ ni mo fẹ́ máa wò?”

Wọ́n pe Bùọ̀dá Bọ́dúnrìn, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Odogbolu.

Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. “Kò tíì bàjẹ́. Àwòrán kan náà ló pẹ́ jù lójú rẹ̀, òjìji rẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ ọn. Iná ẹ̀yìn gíláàsì náà ti ń gbó. Ẹ pa á kó sinmi. Bóyá àkùkọ á lọ.”

“Ká pa á kẹ̀?” ni Màmá Àgbà wí. “Tí iná bá dé ńkọ́?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́!” Ayọ̀tọ̀míwá fẹsẹ̀ kilẹ̀. Gì! “Ọlọ́run tó dá ayé sinmi ní ọjọ́ keje. Tẹlifíṣọ̀n wa kò sinmi rí!”

Bàbá Àgbà bú sẹ́rìn-ín. “Ó ti wàásù fún yín o!”

Ayọ̀tọ̀míwá tẹ súìṣì iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gílóòbù tàn. “Ẹ jẹ́ kó wà báyìí. Tí iná bá lọ, á kú. Tí iná bá dé, á tàn.”

Ọjọ́bọ̀, tẹlifíṣọ̀n sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì, Màmá Àgbà nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. “Màmá!” ni Ayọ̀tọ̀míwá ké. Màmá Àgbà yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, iná lọ. Gílóòbù kú. Ó pẹ́ díẹ̀... Yòò!

“Iná ti dé o!” Màmá Àgbà ló kọ́kọ́ rí i.

Ọjọ́ Àìkú dé. Màmá Àgbà àti Timothy lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ayọ̀tọ̀míwá dúró ti Bàbá Àgbà.

Ó rọra tan tẹlifíṣọ̀n. Àkùkọ dà?

Kò sí! Ó ti lọ!

Màmá Àgbà jáde láàárín àwọn akọrin. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

“Ìyàwó mi nìyẹn!” ni Bàbá Àgbà kígbe.

Màmá Àgbà dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Àgbà sì ń gbè é nílé.