Dókítà Àjíṣafẹ́ Lẹ́nu Géètì

"Ẹ̀yin ará ìlú mi, ẹ dìbò fún mi! Ọ̀nà yóò dé, omi yóò yọ!"

Dókítà Àjíṣafẹ́ dé fìlà sójà, ó dúró lẹ́nu géètì ilé tí wọ́n háyà ní Bertrams, àdúgbò kan ní Johannesburg. Àwọn tó ń sáré lọ wọ táásì ń juwọ́ kí i: "Shap, Baba!" Fèyíkẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, dọ́gbọ́n gbé fóònù sókè, ó ń ká a sílẹ̀.

Nígbà kan rí, bàbá yìí nìkan ni dókítà ní ìlú kékeré kan l'Ékìtì. Ó wọṣẹ́ ológun, ó tọ́jú àwọn tó fara gbọta ní Làìbéríà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bọ́ sínú òṣèlú, ó di alága ìjọba ìbílẹ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn alátakò dáná sun ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì bá iná lọ. Akínwálé, ọmọ rẹ̀, ló mú un wá sí Johannesburg, ṣùgbọ́n iyè bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra.

Fèyíkẹ́ mọ gbogbo èyí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kà á sí nílé ìwé, àfi ìgbà tó bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Eish, fi sí gúrúùpù WhatsApp wa jọ̀ọ́!" Rìnsọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé, ló ń bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wo fídíò náà. Fèyíkẹ́ fi í síbẹ̀.

Láti fóònù dé fóònù, kò pẹ́ tí fídíò náà fi dé Èkìtì. "Alága ti ya wèrè," ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí Akínwálé. Ọjọ́ náà gan-an ni iyè bàbá padà sípò. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó wò ó tán.

"Ta ló ká èyí?"

Fèyíkẹ́ kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"N ò bínú, ọmọ mi. N kò mọ̀ pé báyìí ni mo ti dà ni."

Akínwálé wo ọmọbìnrin rẹ̀. "Ilé Bàbá jó, ìwọ tún ń fi eérú rẹ̀ ṣeré."

Fèyíkẹ́ pa fídíò náà rẹ́, ó bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin ti fọ́. Bàbá kò dé ẹnu géètì mọ́. Ó kọjú sí ògiri, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí òtútù dé, ó dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin kan pè láti Èkìtì, Fèyíkẹ́ ló gbé fóònù. Obìnrin náà ń sunkún. "Ọwọ́ dókítà ni mo bí ọmọ mi sí. Ta ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀?"

 Ẹ̀rín ọ̀rẹ́ kì í pẹ́ tán. Àgbà tí a bá dójú tì nítorí rẹ̀ lè má dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa.