Igun Ìlú Nínú Kọntéínà

"Mùlíkàt, yalla, ó yá! Gbé okùn wá, awakọ̀ ń dúró!"

Sùnmọ́nù, bàbá rẹ̀, ló ń pariwo láti ìsàlẹ̀. Mùlíkàt gbé okùn, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ ní ilé wọn ní àdúgbò Hor Al Anz, níbi tí ìdílé mẹ́ta ti ń pín fúláàtì kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un kúrò ní Òkè-Òro, ìlú wọn, wá sí Dubai ní ọdún 1996, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ: kó di ẹrù, kó gbá ilé, kó tọ́jú Kazeem àbúrò rẹ̀. Lárúbáwá ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé-ìwé ìjọba ibẹ̀, apá bàbá rẹ̀ kò sì ká owó ilé-ìwé aládàáni. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ìwé wù ú kà, wá di ẹni tí ń ti ojú fèrèsé wo àwọn ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù. Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ilé náà ti di ẹ̀wọ̀n sí i lára.

Àwọn ọmọ Òkè-Òro bíi Sùnmọ́nù, tó ń rajà ní Deira, ọjà ńlá Dubai, ní àṣà kan. Bí wọ́n bá jọ gba kọntéínà tó ń lọ sí Èkó, wọn kì í fi ọjà dí i tán. Wọ́n á fi igun kan sílẹ̀, igun ìlú ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì, ìwé àti àga ń gbà dé ilé-ìwé ìjọba kan ṣoṣo tó wà nílùú wọn, níbi tí púráímárì àti girama jọ wà nínú ọgbà kan náà. Bó ti wù kí ọjà rẹ wọ́n tó, o ò gbọ́dọ̀ tì í sí igun yẹn.

Ṣùgbọ́n Alájì Ṣùáíbù, tó ń gba kọntéínà fún gbogbo wọn, ti ní ètò mìíràn. Ó fẹ́ kí ìjọba fa ilé-ìwé náà lé òun lọ́wọ́. Ìjọba yóò ṣì máa san owó tíṣà, àmọ́ òun ni yóò máa darí, ìdánwò ni yóò sì fi máa yan ọmọ tó máa wọlé. Ìjọba ní àfi bí àwọn ọmọ ìlú, tilé toko, bá fọwọ́ sí i.

Ló bá wá bá Mùlíkàt. "Ọmọ mi, ibẹ̀ lo ti kàwé. Bá mi sọ fún ẹgbẹ́ ọmọ Òkè-Òro lọ́jọ́ Jímọ̀ bí ibẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó. Tí wọ́n bá gbà, èmi ni màá sanwó fún ọ ní ilé-ìwé táwọn ọmọ mi ń lọ ní Sharjah. Sátidé, tí ọ̀sẹ̀ ilé-ìwé ń bẹ̀rẹ̀ níbí, lo máa bẹ̀rẹ̀. Khalas, ó parí!"

"A dúpẹ́ o, Alájì," ni Sùnmọ́nù wí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Asiat, ìyá Mùlíkàt, ti lọ ra ìbọ̀sẹ̀ funfun kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Mùlíkàt gbà. Ẹ má dá a lẹ́bi o! Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ hàn án, kì í béèrè ẹni tó ni ín.

Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n pé sí pálọ̀ Alájì ní Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà. Mùlíkàt kúnlẹ̀, ó kí àgbà, ó sì dìde sọ̀rọ̀. Ó ní òrùlé ń jò, àga kò kárí, orí búlọ́ọ̀kù lòun ń jókòó, tíṣà kò tó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Alájì ń mi orí.

"Ẹ gbọ́ lẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀," ni Alájì wí. "Ọdọọdún là ń kó àga lọ, ọdọọdún làwọn ọmọ ń fìdí rẹmi. Ẹ jẹ́ ká yan àwọn ọmọ tó mọ̀wé, ká kọ́ wọn dáadáa."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Màmá Shukurat, alága ẹgbẹ́, gbé ọwọ́ sókè.

"Mùlíkàt ọmọ mi, ìbéèrè kan péré. Ìdánwò tí Alájì ń wí yìí, ká ní wọ́n ṣe é nígbà tìẹ, ṣé wàá wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ló kù kí ọ̀nà ilé-ìwé là fún un. Sùnmọ́nù ranjú mọ́ ọn.

"Rárá, mà," ló wí. "Títí mo fi dé púráímárì kẹrin, mi ò lè kàwé. Òmùgọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Tíṣà Olúṣẹ̀san ló ń dá mi dúró lẹ́yìn tí gbogbo ọmọ bá ti lọ, tó ń kọ́ mi títí ó fi yé mi. Ká ní ìdánwò wà lẹ́nu géètì, wọn ì bá ti lé mi. Àwọn tó dà bí èmi ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá lé wọn, kò sí ilé-ìwé mìíràn nílùú. Ibo ni wọ́n máa lọ?"

"Háà!" ni Sùnmọ́nù ké.

Màmá Shukurat kọjú sí Alájì. "Alájì, ẹ ò purọ́, ilé-ìwé yẹn ń ṣàìsàn. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òrùlé la máa tún ṣe, a ò ní lé ọmọ." Wọ́n dìbò. Igun ìlú dúró bó ṣe wà, ẹgbẹ́ kò sì fọwọ́ sí ètò Alájì.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Alájì kò mẹ́nu ba ilé-ìwé Sharjah mọ́. Nígbà tí kọntéínà tún fẹ́ lọ, ó ní kò sáyè fún ẹrù Sùnmọ́nù. Inú fúláàtì ni páálí ọjà ń gbé, wọ́n tò ó dé àjà, títí ibi tí Mùlíkàt ń tẹ́ ẹní sí fi dí. Bàbá rẹ̀ kì í dá a lóhùn bó bá kí i. Ìyá rẹ̀ ń sunkún níkọ̀kọ̀. Ìgbà mìíràn wà tí Mùlíkàt ń bú ara rẹ̀ pé, kí ló dé tí n ò dákẹ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Sùnmọ́nù kọsẹ̀ lára páálí, inú sì bí i. "Ìwọ tó mọ ilé-ìwé ìjọba gbè lẹ́yìn! Ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Òro ni màá dá ọ padà sí. Lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù rẹ!"

Asiat bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ní pápákọ̀ òfurufú, Kazeem di aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, wọ́n já ọwọ́ rẹ̀ tipátipá. Mùlíkàt sunkún ìyá rẹ̀, ó sunkún àbúrò rẹ̀. Ìyà ni bàbá rẹ̀ rò pé òun fi ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọgbà ilé-ìwé ní Òkè-Òro, ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní ìdánwò kí wọ́n tó ní kó wọlé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ilẹ̀kùn tí ẹ gbà wọlé, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni tì í mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, ohun yòówù tí wọn ì báà fi lọ̀ yín.